Ọmọ Ajá tí Káfíńtà Gbé Wá

Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú ilé kan, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú láti máa bi onílé. Gbé ọmọ ajá wọ ibẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, yóò ti rá kọjá lábẹ́ ibùsùn, yóò ti tú ìdí àpótí, ohun tí ẹnikẹ́ni ò fojú kàn láti ọjọ́ yìí wá ni yóò fẹnu wọ́ jáde sójú àlejò, yóò sì máa jùrù bí ẹni tó ṣe nǹkan rere.

Aránṣọ ò tíì mọ èyí lọ́sàn-án ọjọ́ tí Káfíńtà gbé páálí bàtà kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí nǹkan kan sì ń họ páálí náà láti inú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé: kí ni ọkùnrin yìí fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi tó fi ń fún mi ní nǹkan?

"Kí nìyí?"

"Ọmọ ajá ni."

"Mo rí i pé ọmọ ajá ni. Mi ò fọ́jú. Kí ló ń wá nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ìwọ ló ń wá."

Bàbá Alágbàfọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti ti Aránṣọ, yọ orí wọlé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn tí kì í ṣe tirẹ̀. "Haà! Ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Àwọn kan a máa gbé òdòdó wá. Eléyìí gbé ẹni tó máa tọ̀ sílẹ̀ wá."

Ọmọ ajá náà pọ́n bí ilẹ̀, etí kan nà ró, ìkejì sùn lé ojú. Káfíńtà ní márùn-ún ni ìyá rẹ̀ bí. "Mo tan ayùn, mẹ́rin sá. Eléyìí jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo ní ẹni tí kò bá bẹ̀rù ayùn ò ní bẹ̀rù ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Kí lo máa pè é?" ni Bàbá Alágbàfọ̀ bi Aránṣọ.

Aránṣọ ò ronú rárá. "Mátànmí."

"Ajá lò ń sọ lórúkọ, àbí ènìyàn lò ń bá wí?"

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá mu, kó mú un."

Káfíńtà ní, "Orúkọ tó dáa ni." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pè é, "Mátànmí!" Ọmọ ajá ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Inú bàtà rẹ̀ ló ń tọ̀ sí.

Kì í ṣe pé Aránṣọ burú nínú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, akọ̀wé kan tó ń lo lọ́fíńdà bí ẹni ń lo omi ìwẹ̀ ti fẹ́ fẹ́ ẹ. Akọ̀wé yìí mú obìnrin kan tó lóyún wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Bá wa rán aṣọ tó máa gbà á." Aránṣọ wọn ìbàdí obìnrin náà, ó wọn àyà rẹ̀, ó rán aṣọ oyún mẹ́ta fún un. Ìgbà tí ọmọ délẹ̀ ló tó mọ̀ pé kò sí ẹ̀gbọ́n kankan níbì kankan. Akọ̀wé ló ni ìyàwó, òun náà ló ni oyún. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá kí Aránṣọ pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn.

Ìdí tábìlì ìgéṣọ lòun àti Káfíńtà ti mọra. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò, ó sì bá a tún ẹsẹ̀ tábìlì kan tó yẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ náà parí kí ọjọ́ tó kan àtàrí. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní òun fẹ́ wo bóyá ẹsẹ̀ kejì ò ní yẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ kẹta. Bí tábìlì bá ní ẹsẹ̀ méjìlá, ọ̀nà ìbá ti là sí ẹnu ilẹ̀kùn Aránṣọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rín ná. Ìyẹn gan-an ló ń kọ Aránṣọ lóminú. Ohun tó fẹ́ràn lára rẹ̀ gan-an lòun náà ló fi ń fura sí i.

Ìyá Aránṣọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ń fi bírò pupa ka lẹ́tà, fọwọ́ lérán nígbà tí ajá wọlé.

"Ẹ̀bùn tó ń jẹun!"

"Ìyá mi, ọmọ ajá lásán ni."

"Gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin tó fún ọ ní aṣọ, o lè dá aṣọ padà. Eléyìí, kí o tó rántí pé ó yẹ kí o dá a padà, o ti fẹ́ràn ẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ létí. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá ò fún un láyè láti rò ó dópin. Ó ń sunkún bí wọ́n bá pa iná, ó ń sunkún bí wọ́n bá tan án. Eyín rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó jẹ íǹṣì méjì kúrò lórí tépù ìwọnṣọ; Aránṣọ ò sì mọ̀, ó fi wọn oníbàárà kan. Nígbà tí obìnrin náà wọ búláòsì, ó fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní, "Aránṣọ, ṣé ẹ gbọ́ pé mo lóyún ni?" Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ ajá kọ́ láti lọ họ ilẹ̀kùn bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Aránṣọ fò sókè bí ẹni tó ṣe ìdánwò tó yege. Lọ́jọ́ kejì, ó tọ̀ sórí aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ wá gbé nírọ̀lẹ́.

"Má nà án," ni Káfíńtà máa ń sọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá kọ́ wọn, ajá àti olówó rẹ̀. "Tó bá ti jẹun, gbé e jáde. Tó bá jí, gbé e jáde. Bí o bá ń nà án, kò ní kọ́ láti má tọ̀. Á kàn kọ́ láti máa fi í pamọ́ fún ọ ni."

"Bí ọkùnrin."

"Bí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá nà," ni Káfíńtà wí.

Ìdáhùn náà ò jáde lọ́kàn Aránṣọ. Bí ọmọ ajá bá sì sùn lórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ, tí kò jẹ́ kí ó lè tẹ̀ ẹ́, Aránṣọ a fi ọwọ́ gán etí aṣọ dípò kó jí i. Ìyá rẹ̀ náà, tó lóun ò fẹ́ rí ajá, ni wọ́n bá níjọ́ kan tó gbé e lé ẹsẹ̀. Ó ní òtútù ló mú òun.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ tí bọ́tìnì kan sọnù. Mẹ́fà ló yẹ kó wà lára kóòtù oníbàárà. Márùn-ún ló rí. Ó tú ilẹ̀, ó tú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ. Ọmọ ajá jókòó, ó ń ṣe òsúkè.

Káfíńtà wà níbi iṣẹ́ lọ́nà jíjìn lọ́jọ́ náà. Aránṣọ nìkan ló gbé ajá lọ sílé ìwòsàn ẹranko. Kó tó jókòó tán ni ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwé ti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀n-ẹ́n, a mọ eléyìí! Ọmọ ajá Káfíńtà, tí etí ẹ̀ ò dọ́gba. Ìyàwó ẹ̀ ló gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́."

Ọwọ́ Aránṣọ dúró lórí ẹ̀yìn ajá. "Ìyàwó ta ni?"

"Ìyàwó Káfíńtà. Káfíńtà fúnra ẹ̀ ló wá fi orúkọ sílẹ̀, ó ní, 'Ìyàwó mi ló máa kó wọn wá.' Àdírẹ́sì wọn nìyí. Àbí wọ́n ti kó kúrò ni?"

Dókítà ní bọ́tìnì kékeré ni, yóò bá ìgbẹ́ jáde. Kí wọ́n ṣáà máa yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún ọjọ́ mẹ́ta, Aránṣọ ń fi igi tú ìgbẹ́ ajá, ó sì ń fi ọkàn tú ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Bọ́tìnì jáde lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

Ó gba ibi iṣẹ́ Káfíńtà lọ. Ọkùnrin náà ń kan àpótí, ó fi ìṣó sẹ́nu.

"Ta ni ìyàwó ẹ?"

Káfíńtà tu ìṣó méjì sọ́wọ́, ìyókù kù sí i lẹ́nu. "Ìyàwó mi?"

"Èyí tó kó ọmọ ajá lọ gba abẹ́rẹ́."

"Àà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé o ò mọ̀ pé ìyàwó mi là ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni ni? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá ajá yẹn wà."

Aránṣọ mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Òun náà ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó ń pè ní ìyàwó mi. Òótọ́ tó rọrùn bí omi ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ yìí gan-an ni akọ̀wé ti yá lò, tó fi bo irọ́ tirẹ̀, kò sì dá a padà. Bí ẹnìkan bá ti fi aṣọ rẹ jalè rí, ìwọ náà á máa wo aṣọ náà tìfura-tìfura.

"Ó dáa," ni ó wí. "Mú mi lọ mọ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Káfíńtà dojú kọ pákó. Ó lu ìṣó kan wọlé, ó lu ìkejì. Láàárín ìṣó tó kù lẹ́nu rẹ̀ ló ti sọ ọ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi ò sí."

Nígbà tí ìyá Aránṣọ gbọ́, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sí kẹ̀? Àwọn ẹ̀gbọ́n tí kì í sí nílé wọ̀nyí, ibo ni gbogbo wọn ń lọ? Ṣebí òun ló ní àwọn òbí òun ti lọ, pé ẹ̀gbọ́n yẹn ló tọ́ òun. Ta ló fẹ́ bá a wá tọrọ ìyàwó? Àpótí?"

Ó rán Bàbá Alágbàfọ̀, nítorí pé ẹnu ẹni tó máa ń yọ orí wọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kúkú wúlò lọ́jọ́ kan: kí Káfíńtà mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má wá mọ́, kó sì wá gbé ajá rẹ̀ lọ. Ohùn ìyá náà mì díẹ̀ nígbà tó dé ibi ajá.

Bàbá Alágbàfọ̀ padà dé láìrẹ́rìn-ín, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

"Mo jíṣẹ́ bí ẹ ṣe rán mi. Ó wò mí. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ò sí.' Mo dúró kó sọ èyí tó kù. Ó tan ayùn."

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn," ni ìyá wí.

Ó yẹ kó parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Aránṣọ ò lè sinmi bí àlọ́ bá kù láìtú. Àti pé, kí a má purọ́, ọkùnrin náà ti wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá ní ìyàwó, òun fẹ́ fojú ara òun rí i, kí òun lè sunkún ní àsun-ùn-tún-sun. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi okùn sí Mátànmí lọ́rùn, ó mú àdírẹ́sì tó rí nílé ìwòsàn dání, ó gba ọ̀nà lọ.

Ilé kékeré ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì gún régé ju ilé lọ. Iṣẹ́ káfíńtà hàn lára rẹ̀. Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ńlá, wọ́n kùn ún, ó ń dán. Aránṣọ wo bàtà náà. Kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mátànmí ti já okùn gbà, ó ti sáré lọ bá ajá pupa kan lábẹ́ fèrèsé, èyí tó gbóòórùn rẹ̀, tó fi imú tì í ṣubú, tó sì ń lá a.

Obìnrin tó jáde ti tó ogójì ọdún. Ó wo ajá, ó wo Aránṣọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ ni Aránṣọ! Ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ ẹ títí etí mi fi kún."

*Ọkọ mi.* Ọ̀rọ̀ náà gún Aránṣọ bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Ó ti ṣe irọ́ kan sílẹ̀ lọ́nà, pé òun wá béèrè oúnjẹ tí ọmọ ajá fẹ́ràn ni. Irọ́ náà sá lọ.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ọkọ yín wà nílé? Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ni mò ń wí. Wọ́n ní wọn ò sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni obìnrin náà wí wẹ́rẹ́. "Kò sí. Oṣù kẹsàn-án rèé."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

Obìnrin náà wo Aránṣọ bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó máa dé?"

Ìgbà náà ni Aránṣọ wá rí inú bàtà. Ìta rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ kún fún eruku.

"Orí òrùlé ló ti já bọ́," ni obìnrin náà wí. "Òun àti àbúrò ẹ̀ jọ wà lókè lọ́jọ́ náà. Jókòó. Ìwọ ò mọ̀. Mo rí i pé o ò mọ̀. Kí ló sọ fún ẹ?"

"Ó ní... ó ní wọn ò sí."

Obìnrin náà mi orí. "Ó ní bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò tíì fi ẹnu ẹ̀ pe ọ̀rọ̀ kejì rí. Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an, kò pè é." Ó nu ojú, ó sì ṣàdédé rẹ́rìn-ín. "O sì rò pé èmi ni ìyàwó ẹ̀, àbí? Má bẹ̀bẹ̀. Àwọn ará ilé náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó kúkú fẹ́ mi, kí 'ọkọ mi, ìyàwó mi' di tòótọ́. Mo ní ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọlé yín. Èmi ni mo ń fọn ikun ẹ̀ fún un. Kí n wá máa gbé oúnjẹ ka iwájú ikun náà lójoojúmọ́ bí olówó orí mi?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ń sunkún.

"Ṣùgbọ́n," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, "o wá yẹ ilé mi wò. Ìyẹn náà, mo rí i. Mo máa sọ fún un pé o wá. Mi ò ní fi pamọ́."

Káfíńtà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Kò jókòó. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì, áyọ́ọ̀nù Bàbá Alágbàfọ̀ dákẹ́ kíá.

"O lọ ṣọ́ mi."

"Mo lọ."

"O bá ilé ìwòsàn gba àdírẹ́sì, o lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà opó. Ṣé bí a ó ṣe máa gbé pọ̀ nìyẹn? Kí n máa bọ́ aṣọ, kí o máa tú àpò? O lè bi mí!"

"Mo bi ọ́! Mo ní mú mi lọ mọ ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Mo sì dá ọ lóhùn."

"O ní kò sí!"

"Ṣé ó wà ni?"

Mátànmí gbé ojú sókè, ó wo ẹnu ẹni tó ń pariwo, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ.

Aránṣọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sí, lóòótọ́. O ò purọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. O mọ̀, o sì fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Káfíńtà gbé ọwọ́ lé tábìlì tó tún ṣe, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gbé òun.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Nígbà tó o ní kí n mú ọ lọ mọ̀ ọ́n, mo fẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, Bàbá Alágbàfọ̀ dé, ó ní kó wá. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ti sin ín. Ìwọ nìkan... ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń retí pé ó máa dé. Ó dùn mọ́ mi. Mo ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i."

Ọkàn ìfura Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó yí i po, ó wá ibi tí irọ́ ti lè wọlé. Kò rí. Ohun tó rí ni ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ìyá mi tó ní kó o má wá mọ́ bí ẹ̀gbọ́n ẹ ò bá wá ńkọ́?"

"Mo ti pinnu. N ò ní wá mọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n dúró níwájú ìyá ẹ kí n sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dẹ́rù ba Aránṣọ ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ti ń wá obìnrin tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun káàkiri, àṣé ọ̀rọ̀ kan péré ni, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ.

"Fetí sílẹ̀," ni ó wí. "N ò ní ṣèlérí pé n ò ní fura mọ́. Irọ́ nìyẹn á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fura, iwájú ẹ ni n ó ti fura. Ìwọ ni n ó bi, n ó sì bi ọ́ títí ó fi máa yé mi. Ìwọ náà, má ṣe fún mi ní ìlàjì ọ̀rọ̀ mọ́. Sọ ọ́ fún mi báyìí, lẹ́ẹ̀kan. O ò ní sọ ọ́ fún ìyá mi. Èmi ni n ó sọ ọ́ fún un."

Káfíńtà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti kú," ni ó wí.

Ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga oníbàárà, ó fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Aránṣọ ò sọ pé má sunkún. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbá ara ògiri pọ́ọ́ lẹ́ẹ̀kan, áyọ́ọ̀nù sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíákíá lódì kejì. Ó wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí iwájú ọkùnrin náà, orúnkún kan orúnkún, ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kò ní ìfura nínú.

"Ṣé bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín lòun náà ṣe ń rẹ́rìn-ín?"

Káfíńtà gbé ojú tútù sókè. "Rárá o," ni ó wí. "Tiẹ̀ láriwo. Bó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró lójú ọ̀nà láti rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín."